Lọ́ọ̀kì Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Ń Ṣe Ségesège: Èwo Lẹ Lè Tún Ṣe Nílé, Èwo Lẹ Gbọ́dọ̀ Pààrọ̀?

Mo ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ti kọjá Mowé, eré tí mo ń sá ò sì le, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Kí n tó rí àyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn ti gbé e sókè, ó ti dà bo gíláàsì iwájú, n kò rí ọ̀nà mọ́. Àlàfo tóóró kan ló kù nísàlẹ̀ gíláàsì, lókè dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo tẹrí ba, ibẹ̀ ni mo ń yọjú wò títí mo fi rọra dúró létí títì. Ọlọ́run ló kó mi yọ. Gíláàsì ti fọ́, irin tó so bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ti wọ́ lọ́tùn-ún lósì, bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti ká. Ohun tó fa gbogbo àdánù yìí ò ju irin kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ìkọ́ lọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ti jẹ, tí mo ní kí wẹ́dà fi iná jó o pọ̀ fún mi, torí mo rò pé mo ń dín ìnáwó kù.

Láti ìgbà yẹn, n kì í fi ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣeré. Mo ti fọwọ́ ara mi tún tèmi ṣe, mo ti bá àwọn aládùúgbò ṣe tiwọn, mo sì ti rí i pé owó tí àwọn kan ń ná sí lọ́ọ̀kì tuntun kò yẹ ní níná rárá, nígbà tí àwọn mìíràn ń ṣe àtúnṣe sí ohun tó yẹ kí wọ́n sọ sí ààtàn. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí: lọ́ọ̀kì tí kò fẹ́ ṣí, àtúnṣe ló sábà máa ń fẹ́. Lọ́ọ̀kì tí kò fẹ́ dì mú, bí kì í bá ṣe ìdọ̀tí tàbí kébù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pípààrọ̀ ni.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níwájú pátápátá. Irin kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí òrùka tí wọ́n gé sí méjì. Òrùka ni màá máa pè é. Ẹ wá wo ara ọkọ̀, lókè rédíétọ̀, ní ọ̀gangan ibi tí òrùka yìí máa ń bọ́ sí: lọ́ọ̀kì nìyẹn. Ìkọ́ ńlá kan wà nínú rẹ̀. Bí òrùka bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìkọ́ á yí, á sì gbá òrùka mú. Irin kékeré kan tó dà bí ahọ́n ló ń há ìkọ́ náà kó má bàa yí padà. Ara ahọ́n yìí ni wọ́n so kébù mọ́. Tí ẹ bá fa ọwọ́ kébù nínú ọkọ̀, ahọ́n á kúrò lọ́nà, ìkọ́ á tú òrùka sílẹ̀, sípíríǹgì á sì ti bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀.

Ìkọ́ kejì ló ń dá a dúró níbẹ̀. Òun lẹ máa ń ki ìka bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti tì kó tó gbéra tán. Òfin ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 113 sọ ọ́ di dandan pé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ti iwájú ṣí, tó sì lè dí awakọ̀ lójú bó bá ṣí lórí ìrìn, gbọ́dọ̀ ní ìdè kejì. Ìdí nìyẹn tí òun náà fi wà lára àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gé e kúrò pé ó ń fi àkókò mẹkáníìkì ṣòfò. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ yín bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù kí ẹ tó pinnu: lọ́ọ̀kì odindi lẹ máa rà.

Ìkọ́ kejì yìí kan náà ló kó Nissan sí wàhálà. Ní 2020, wọ́n ní kí àwọn tó ní Altima 2013 sí 2018 ní Amẹ́ríkà dá a padà wá fún àtúnṣe, ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.8. Ọ̀dà oríkèé ìkọ́ náà ló ń bó, irin á wà níhòòhò, á dógùn-ún, ìkọ́ ò sì ní lè padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Ẹ rí Altima púpọ̀ lójú títì wa. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kó tẹ nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, àwọn lẹ́tà àti òǹkà 17 yẹn, sí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, á sì jẹ́ kó mọ̀ bóyá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì ṣe sí ọkọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí kàn wá nílé náà. Tí panẹli bítà bá fẹ́ fín ọ̀dà sí iwájú ọkọ̀ yín, ẹ dúró tì í kó fi bébà àti téèpù bo lọ́ọ̀kì dáadáa. Ọ̀dà tó bá wọ oríkèé ìkọ́, bó bá ti gbẹ, gọ́ọ̀mù ló dà.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Fáànù rédíétọ̀ àwọn ọkọ̀ kan lè dédé yí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀, ìtòsí rẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ yín máa wà. Ẹ fi ọ̀pá gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró gírígírí.

Ẹ mú sikirudíráfà tó tóbi, kẹ́ ẹ fi irin rẹ̀ tẹ ìkọ́ ńlá mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òrùka ló ń bọ̀. Ó yẹ kó dún kẹ́, kó sì gbá irin náà mú. Ẹ fà á sókè pẹ̀lú agbára: kò gbọdọ̀ yọ. Kí ẹnìkan wá fa kébù látinú ọkọ̀: ìkọ́ gbọ́dọ̀ fò padà lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ máa rákò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá, torí lọ́ọ̀kì tó ń kú lọ lè ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀mẹjọ kó sì já yín kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún tẹ ìkọ́ kejì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ fi ọwọ́ ràn án.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ rí i pé ẹ ti fa kébù kí ìkọ́ wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lu lọ́ọ̀kì tó ti ti ara rẹ̀, nǹkan kan máa tẹ̀, yálà òrùka tàbí ìkọ́, lọ́ọ̀kì tí kò ní àìsàn kankan á wá di èyí tí à ń wá kiri Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó.

| Ohun tí ẹ rí | Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí | Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí |
|---|---|---|
| Ìkọ́ ń rákò, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣòro ṣí | Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì sí i | kò bá yàtọ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì |
| Ẹ fa kébù, lọ́ọ̀kì ò dáhùn | Ẹ yẹ orí kébù àti ọwọ́ rẹ̀ wò | wáyà inú kébù bá ti ń já |
| Ó dì mú, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n lórí eré | Ẹ tún rọ́bà àti ìjókòó lọ́ọ̀kì ṣe | oríkèé ìkọ́ bá ti ń mì |
| Sikirudíráfà yọ lẹ́nu ìkọ́ | Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tú kébù lára rẹ̀, ẹ tún un dán wò | ó bá tún yọ: lọ́jọ́ náà gan-an |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn nílò àlàyé. Kébù tó há tàbí tí wọ́n fà le jù máa ń di ahọ́n mú sẹ́yìn, ahọ́n ò sì ní ráyè há ìkọ́. Lójú, á dà bí pé lọ́ọ̀kì ti kú. Ẹ tú orí kébù kúrò lára lọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ti ahọ́n wò. Bí gbogbo nǹkan bá wá ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, kébù ni ẹ máa bá wí, ẹ ò gbọdọ̀ ra lọ́ọ̀kì.

Fífọ̀ àti gíríìsì, tàbí lọ́ọ̀kì tuntun?

Iwájú ọkọ̀ ni lọ́ọ̀kì wà, ẹ̀yìn gíríìlì. Gbogbo eruku ọyẹ́, gbogbo ẹrẹ̀ òjò, gbogbo kòkòrò tí ọkọ̀ pa lójú ọ̀nà, òun ló ń gbà á. Ẹni tó ń gbé nítòsí òkun, ní Lẹ́kí tàbí Badagry, tún ní iyọ̀ inú atẹ́gùn tó ń jẹ irin kún un. Nítorí náà, bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣòro ṣí, ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú gbogbo èyí tí mo ti fọwọ́ kàn tó ṣòro ṣí, èyí tó pọ̀ jù ni kẹrosíìnì wò sàn.

Kẹrosíìnì díẹ̀ nínú agolo, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, àkísà, àti gíríìsì: gbogbo rẹ̀ ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo oríkèé ìkọ́, ahọ́n àti sípíríǹgì títí gíríìsì dúdú àtijọ́ á fi ṣàn tán. Kí ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa tì í bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, kí kẹrosíìnì lè wọ ibi tí ojú ò tó. Ẹ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fi gíríìsì tuntun sí oríkèé, sí ibi tí ahọ́n ti ń kan ìkọ́, àti sára òrùka lókè. Díẹ̀ tó. Gíríìsì tó bá pọ̀ jù, eruku ló máa fi ṣe ilé.

WD-40 dára láti fi tú ohun tó há, mo máa ń lò ó, àmọ́ kì í pẹ́ gbẹ, ẹ ṣì máa fi gíríìsì lé e. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn kan ń dà sí i ń kó eruku jọ ni. Bẹntiróòlù ńkọ́? Ó ń fọ nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ lókè bátìrì àti ẹ́ńjìnnì tó lè ṣì gbóná, iná ni. Ẹ má lò ó.

Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó ṣì ń rákò, ìdógùn-ún ti wọ oríkèé lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìjókòó rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gún iyán kó tó tì. Ti àwọn mìíràn tì wẹ́rẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti lé ní ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lọ́ọ̀kì tuntun ò ní ṣe nǹkan kan sí méjèèjì, àfi tí ẹ bá tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Bóòtù méjì tàbí mẹ́ta ló di lọ́ọ̀kì mú. Ní ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, sípánà 10 ló ń tú u. Ihò tí bóòtù gbà wọlé gùn díẹ̀, kí lọ́ọ̀kì lè lọ sókè sódò. Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi máákà tàbí ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ lọ́ọ̀kì ká, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ dẹ bóòtù, ẹ má tú u tán. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ kí a gbá a, lọ́ọ̀kì rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù, òrùka ò tètè kàn án: ẹ gbé e sókè bíi mìlímítà kan tàbí méjì. Èyí tó ń mì, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà méjì tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbé orí lé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n ń yí bí ìdérí ìgò. Ẹ yí wọn sókè díẹ̀díẹ̀ títí bọ́nẹ́ẹ̀tì á fi fara tì wọ́n dáadáa nígbà tó bá tì. Bí ọ̀kan bá ti sọnù, ó lè jẹ́ òun nìkan ni gbogbo wàhálà yín.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà lọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ wo ti òsì. Bí ọ̀kan bá gbòòrò ju ìkejì lọ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbá ọkọ̀ náà níwájú rí, pàápàá tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní ilé gbàǹjo lókè òkun. Irin tó gbé lọ́ọ̀kì dúró ló wọ́. Panẹli bítà ló ni iṣẹ́ yẹn, kò sí ohun tí sípánà yín lè ṣe sí i nílé.

Kébù: kí ẹ tún un so, àbí kí ẹ ra tuntun?

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù nìyí, wọ́n á máa so ohun tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Bó bá jẹ́ pé orí kébù ló yọ kúrò lára ahọ́n, tàbí pé awọ rẹ̀ ló fò kúrò nínú ibi tí wọ́n há a sí, ẹ dá a padà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rọ́bà tí ẹ ń fà nínú ọkọ̀ ló kán, ẹ lè ra ọwọ́ nìkan, àlòkù rẹ̀ wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí i pé irun wáyà inú kébù ti ń já níkọ̀ọ̀kan, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi báíńdìn-wáyà so ó fún yín. Kókó tí wọ́n bá ta ò lè gba inú awọ kébù kọjá, á máa há, lọ́jọ́ tó bá sì já tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti wà ní títì. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà tí kò rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí láti bu omi sí rédíétọ̀ lọ́la ló máa mọ iye tí kébù náà tó.

Láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ so okùn tó le mọ́ ìdí kébù àtijọ́ ní ìhà lọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó fà á wọ inú ọkọ̀. Okùn á tẹ̀ lé e gba gbogbo ọ̀nà tí kébù gbà. Ẹ so kébù tuntun mọ́ okùn náà, kẹ́ ẹ fà á padà síwájú. Láìsí okùn yìí, wákàtí méjì lè bá yín níbi tí ẹ ti ń wá ihò kan ṣoṣo. Ẹ dá rọ́bà tó dí ihò náà padà kí omi òjò má bàa wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí kébù tẹ̀ jù tàbí kó sún mọ́ ibi gbígbóná.

Tí kébù bá já nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti tì ńkọ́? Kí ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ lókè lọ́ọ̀kì gan-an, kí ẹnì kejì fi páláyà mú ìdí wáyà tó kù nínú ọkọ̀ kó fà á. Títẹ̀ yẹn ń gba ẹrù kúrò lórí ahọ́n, agbára tó kéré á sì tú u. Ọgbọ́n kan náà ló ń ṣí lọ́ọ̀kì tí ìdọ̀tí há. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú gíríìlì tàbí láti abẹ́ bọ́ńpà wo ahọ́n. Nínú ọkọ̀ mìíràn, irin gígùn lè tó o. Ẹ má fi irin gbé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Owó ọ̀dà àti panẹli bítà á ju ti kébù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Sípíríǹgì àti iná wẹ́dà

Sípíríǹgì tó bọ́, ẹ fi páláyà dá a padà. Èyí tó já, bí ẹ bá rí irú rẹ̀ gan-an lára lọ́ọ̀kì àlòkù, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ lò ó. Èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á mú kí kébù máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, èyí tó rọ̀ jù ò ní dá ìkọ́ padà. Tí ẹ ò bá rí irú rẹ̀, ẹ ra lọ́ọ̀kì.

Lórí wẹ́dà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìkọ́ tó jẹ, tó tẹ̀ tàbí tó sán, ẹ má jó o pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fún irin yẹn ní líle tó yẹ ẹ́. Iná wẹ́dà á ba líle yẹn jẹ́, ibì kan á rọ̀, ibì kan á gan, sípíríǹgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á gba lára ooru. Lójú, tèmi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dún kẹ́ bó ti yẹ, ó sì dì mú fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ míì tún ni ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀: bí wọ́n bá jó irin lára ọkọ̀ láìtú orí bátìrì, ó lè ba brain box jẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, sẹ́ńsọ̀ ẹ́ábáàgì iwájú wà ní ìtòsí lọ́ọ̀kì náà, nítorí náà ẹ má fi òòlù lu agbègbè yẹn.

Bí wẹ́dà ò bá ṣeé lò, ṣé okùn tàbí wáyà tí a fi so bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣeé lò? Ó ṣeé lò láti fi dé ilé mẹkáníìkì, pẹ̀lú eré díẹ̀, lójú ọ̀nà àdúgbò. Ẹ má gbé e wọ màrosẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àfikún tí àwọn kan ń fi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí àwọn tó ń jí bátìrì àti brain box, ó dára fún ti olè. Àmọ́ àfikún ni. Kò gba ipò ìkọ́ tó ti jẹ.

Bó bá di rírà: tuntun, àfarawé, àbí Belgium?

Lọ́ọ̀kì tuntun tó ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá ló dára jù, òun náà ló wọ́n jù, kì í sì í wà fún gbogbo ọkọ̀ tó ti pẹ́. Tuntun àfarawé pọ̀ lórí àtẹ, owó rẹ̀ ò ga, ó ń dán, àmọ́ mo ti mú èyí tí irin rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti agolo lọ́wọ́, tí ihò bóòtù rẹ̀ ò bára mu. Àlòkù òkè òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium ní Ládípọ̀ àti ní Àràrọ̀mí nídìí Gate n'Íbàdàn, ni èmi máa ń fi ṣáájú àfarawé. Irin rẹ̀ ni irin tí wọ́n fi bí ọkọ̀ náà, ó sì ṣeé dán wò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ mú sikirudíráfà dání lọ sọ́jà. Ẹ tì í, ẹ fà á, ẹ tú u, níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ mì ìkọ́ sọ́tùn-ún sósì: bó bá ń mì ṣọ̀kọ̀ṣọ̀kọ̀ ní oríkèé, ẹ dá a padà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀, torí ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá níwájú ni wọ́n ti tú u. Bí wáyà bá wọ inú lọ́ọ̀kì yín, fún alááàmù ọkọ̀, ẹ rí i pé èyí tí ẹ ń rà ní ojú ibi tí wáyà náà ń wọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ alááàmù á máa ké lásán tàbí kó má ké mọ́.

Ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. Bí kò bá tíì ṣeé tú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì mọ ọdún ọkọ̀ yín. Orúkọ ìnagijẹ tí a fún ọkọ̀, bíi Big Daddy tàbí End of Discussion, ò tó ra lọ́ọ̀kì, torí ọdún bíi mélòó kan ló ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ní ti kébù, ẹ bèèrè bóyá ara ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ni wọ́n ti yọ ọ́. Gígùn rẹ̀ lè má bá tiwa mu.

Nílé, àbí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì?

Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí gbogbo bóòtù lọ́ọ̀kì lẹ́yìn tí ẹ yọ rọ́bà tó bo ibẹ̀, ẹ lè ṣe é nílé láàárín wákàtí kan. Bó bá jẹ́ pé bọ́ńpà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí ọwọ́ tó débẹ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì tọ́ sí i, àwọn kílíìpù bọ́ńpà máa ń kán lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Ẹ ya fọ́tò bí kébù ti wọ lọ́ọ̀kì àtijọ́. Ẹ fa ìlà yí i ká, ẹ tú bóòtù, ẹ yọ kébù kẹ́yìn. Ẹ fọ ojú irin tó máa jókòó sí. Ẹ fi gíríìsì sí tuntun kó tó wọlé, ẹ so kébù mọ́ ọn, ẹ gbé e lé ojú ìlà àtijọ́, kẹ́ ẹ wá dì í le níwọ̀nba ọwọ́ sípánà kékeré. Bóòtù wọ̀nyẹn ò tóbi, wọ́n ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìdánwò sikirudíráfà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí. Ìgbà tó bá yege nìkan ni kí ẹ rọra sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí òrùka bá ń kan etí lọ́ọ̀kì dípò àárín rẹ̀, ẹ dẹ bóòtù kí ẹ sún un.

Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti tì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé iwájú rẹ̀ sókè. Kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ wá fa kébù, ẹ má fọwọ́ kan ìkọ́ kejì, kí ẹ tún gbé e sókè: kò gbọdọ̀ kọjá àlàfo ìka kan. Èyí ni ìdánwò tí mi ò ṣe lọ́jọ́ tí wẹ́dà fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún un fà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tó gbé e wọ màrosẹ̀, ẹ fi sípánà 10 kan àwọn bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó dìde lórí ìrìn kẹ́ ẹ tó ráyè ṣe gbogbo èyí, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tan hásáàdì, ẹ di sítíárìn mú gírí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kẹ́ ẹ tẹrí ba wo ọ̀nà gba àlàfo tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí àlàfo náà ò bá sí, ẹ yọ orí lójú fèrèsé títí ẹ fi máa dé etí títì.